Ààrẹ Overby àti Àwọn Abọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ìtàn ọba tí kò ní adé, tí kò ní ọmọ ogun, tó sì ń jọba lórí koríko iwájú ilé onílé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Milton Overby lorúkọ rẹ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ ló ń tà kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ń ṣàlàyé fún àwọn àgbàlagbà bí wọn yóò ṣe dùbúlẹ̀ sínú omi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí ẹni tí yóò máa ṣàlàyé nǹkan fún mọ́, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Wọ́n wá fi ṣe ààrẹ Ẹgbẹ́ Onílé Larkmere, nítorí pé lọ́dún yẹn kò sí ẹlòmíì tó fẹ́ ṣe é. Òun ní tirẹ̀ gbà pé Ọlọ́run ló yan òun.

Larkmere ni àdúgbò wa, lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ilé ti jọra débi pé bí yìnyín bá bo ilẹ̀, èèyàn lè fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ máa jà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹlòmíì. A ní adágún omi kékeré kan, a ní àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó tó máa ń yàgbẹ́ sójú ọ̀nà, a ní odò ìwẹ̀ tí òtútù kì í jẹ́ kí a lò, a sì ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Ìjọba Overby kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ayálégbé ni èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí. Mo ti pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé kì í dìbò ní Larkmere. Ojú la fi ń wò, ojú mi sì ti rí nǹkan.

Ẹ bá mi wo bí ìpàdé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Todd Brisbin, oníṣègùn eyín tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, yóò dìde, yóò wú ikọ́ díẹ̀, yóò ní, “Ẹ dìde fún Ààrẹ.” Àwọn èèyàn tó wọ ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà wá sípàdé yóò dìde. Overby yóò wá wọlé, táì lọ́rùn nínú ooru, yóò máa rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́, títí yóò fi dé orí àga ńlá kan tó rà nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì kan kógbá sílé. “Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi,” ni yóò wí. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nítorí wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Lọ́dún kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí àpọ́nlé. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Òfin tí ọkùnrin yìí ṣe kò lóǹkà. Ó ṣòfin lórí àwọ̀ aṣọ fèrèsé. Ó ṣòfin pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó kò gbọdọ̀ gba orí koríko kọjá lọ́jọ́ Sunday, ó sì ri pátákó òfin náà mọ́ etí omi, ó kọjú rẹ̀ sí ibi tí àwọn ẹyẹ yóò ti rí i. Todd ní òun ò tíì rí aṣáájú tó ń ro ọjọ́ iwájú tó bẹ́ẹ̀ rí. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà kò tíì kà á.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wá kù. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo Larkmere ń ṣe. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà fún yín. Àbúrò mi ń gbé àdúgbò kan ní òdìkejì odò, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó sì ní bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa gan-an ló rí lọ́dọ̀ àwọn, àwọ̀ pátákó nìkan ló yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí àkókò ìbò bá dé, pátákó kan náà ni yóò wà níwájú ilé gbogbo. Níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran lọ́jọ́ ìsinmi, ẹnì kan yóò ní, ẹ ò gbọ́ ohun tí àwọn aláìlójútì yẹn tún sọ lánàá, gbogbo orí yóò sì mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa sú èèyàn. Kò sú wọn rí.

Obìnrin kan péré ni kò bá wọn ṣe é. Marlys Tveit ni, ìyá àgbà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ilé ìwé, tó gbé ọmọ wọn lọ, tó gbé e bọ̀. Nígbà ìbò, yóò fi pátákó kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó rẹ̀, ti ẹgbẹ́ kejì. Russ ọkọ rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ kankan, ẹja pípa ló gbà á lọ́kàn, ó sì máa ń sọ pé ẹja kì í bi òun léèrè ìbò. Àwọn ará àdúgbò kò bá Marlys jà o. Ì bá tilẹ̀ sàn kí wọ́n bá a jà. Ohùn wọn ló máa ń wálẹ̀ bó bá ti ń bọ̀. Àwọn tó ń mú ajá rìn a máa gba òdìkejì títì bí pátákó rẹ̀ bá ti yọ. Wọ́n á rọra fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin kò dà bí àwọn tó kù yẹn,” bí ẹni ń bá aláìsàn kẹ́dùn. Bí wọ́n bá ń kàwé pa pọ̀ lóṣooṣù, ó máa ń ṣèèṣì jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti sọ fún un. Ó ti mọ́ ọn lára. Níbi àpèjẹ, ìdí tábìlì oúnjẹ ló máa ń dúró sí, yóò máa gé àkàrà òyìnbó fún gbogbo èèyàn, kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe.

Lẹ́yìn ìbò tó kọjá, Overby pe ìpàdé pàtàkì. Ó ní inú òun kò dùn. Ó ní Larkmere ń tẹ́wọ́ gba gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn ń kọjá lọ kò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òun ti ya pátákó kan, tó ní àwọ̀ ẹgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n kọ GBOGBO ÈNÌYÀN LA GBÀ NÍBÍ sí lára gàdàgbà, ilé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó wí, ó na ìka sókè, “ìfẹ́ tí kò ní ìwọ̀n, jàgídíjàgan ni. Ìtẹ́wọ́gbà wa gbọ́dọ̀ dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ ga bákan náà láti ilẹ̀, kó sì jìnnà sí títì bákan náà. Ẹni tó bá tẹ́wọ́ gba ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fi aládùúgbò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ tẹ́wọ́ gba ènìyàn, kò sí àyè fún un láàárín wa.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Todd nu ojú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń dìbò ní Larkmere fún yín, torí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó gòkè, ojú á kọ́kọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oníkálukú á yọ́jú wo ẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún náà á ti máa wo ẹlòmíì, títí ojú yóò fi dé ọ̀dọ̀ Todd níwájú. Ọwọ́ Todd ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè, gbogbo ọwọ́ á sì tẹ̀ lé e wìì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Overby béèrè ẹni tó lòdì, tí kò tilẹ̀ retí ìdáhùn, Marlys nawọ́ sókè. Ó ní ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn òun, òun máa ń ṣí i, òun kò sì mọ ohun tí pátákó máa fi kún un. Overby wò ó pẹ̀lú àánú ńláńlá. Ó ní ẹni tí kò bá gbà pé gbogbo ènìyàn la gbà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni a kò lè gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Èmi fúnra mi ṣì ń tún un rò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí ẹ̀gbà kọlu Russ Tveit láàárín àwọn ọ̀pá ìpẹja rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ nílé ìtọ́jú. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó lè padà sílé, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni yóò máa lò, kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Kí wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sẹ́nu ọ̀nà iwájú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ọ̀nà yìí, ilé àwọn arúgbó kan nílùú tó jìnnà ló láàyè, ibẹ̀ ni wọn yóò gbé e lọ, bóyá kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Marlys rí káfíńtà. Ṣùgbọ́n ní Larkmere, ẹ kò gbọdọ̀ kan ìṣó kan mọ́ iwájú ilé yín láìjẹ́ pé Ẹgbẹ́ Onílé fọwọ́ sí i. Ó lè lọ sílé ẹjọ́, òfin á sì gbè é, àmọ́ ilé ẹjọ́ kì í kánjú, ilé ìtọ́jú kò sì ní dúró dè é.

Ó lọ bá Overby nílé.

“Ààrẹ, ọ̀nà pákó lásán ni,” ni Marlys wí. “Ọkọ mi fẹ́ wá sílé.”

“Ìyáàfin Tveit, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀nà pákó lásán. Iwájú ilé ni ẹnu ilé. Kí ni ẹnu ilé yín ń sọ fún títì báyìí? Ó yadi. Gbogbo ilé tó kù ló ń sọ̀rọ̀, tiyín yadi.”

“Ṣé tí mo bá ri pátákó yẹn mọ́lẹ̀, ẹ máa jẹ́ kí Russ wọlé?”

“Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ má rò pé Marlys kò fẹ́ ri pátákó náà mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ rì í. Ó gbé pátákó náà jáde láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó mú òòlù, ó dúró lórí koríko títí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń wò ó láti ojú fèrèsé mi, mi ò ní purọ́. Ó fi òòlù sílẹ̀, ó kọ́kọ́ wakọ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ láti bi í. Ẹnu Russ wúwo nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde, ṣùgbọ́n èyí jáde geere. Ó ní bí ó bá rì í nítorí òun, òun máa fi kẹ̀kẹ́ òun gba orí pátákó náà kọjá. Marlys rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó wá sílé, ó sì gbé pátákó padà síbi tó wà.

Overby dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní láti wádìí àwọ̀ pákó, òjìji tí pákó yóò máa dá, àti bóyá ohun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ìwà àwọn ará Larkmere mu, àwa tí ilẹ̀ wa tẹ́jú. Òun ni alága ìgbìmọ̀, òun àti Todd nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tó o. Ní àdúgbò wa, bí àìsàn bá wọ ilé kan, àwọn ilé tó kù á máa gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹran lílọ̀, ẹ̀wà tútù àti ànàmọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó sínú abọ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi ààrò sè é. Oníkálukú a sì máa lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, kí abọ́ lè mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà ìyá wọn, orúkọ ti wà nídìí abọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í rántí pé ó wà níbẹ̀. Overby ní kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ lọ sí ilé Tveit títí ọkàn ilé náà yóò fi yí padà. Ojú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ Todd lọ sókè, gbogbo ọwọ́ tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ yọ́ wá ni Janelle Pruitt, tí ilé rẹ̀ fara kan ti Marlys. Ẹnu géètì ẹ̀yìnkùlé ló gbà, abọ́ wà lábẹ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó wá dà bí aboyún.

“Ẹ jọ̀ọ́, Marlys, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ bí àdúgbò yìí ṣe rí.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Inú ẹ̀ ni mò ń gbé.”

“Kì í kúkú ṣe pé mo fara mọ́ ẹgbẹ́ yín o.”

“Ẹran àti ànàmọ́ lo gbé wá, Janelle. Èmi ò rí ẹgbẹ́ kankan nínú ẹ̀.”

Kò pẹ́ tí Janelle lọ ni ẹlòmíì dé. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn dé. Ẹnì kan fi aṣọ ìnura bo abọ́ tirẹ̀, bí ẹni pé odò ìwẹ̀ ló ń lọ nínú òtútù yẹn. Todd fúnra rẹ̀ wá, Todd akọ̀wé, Todd ìgbìmọ̀. Ó wọ aṣọ eré sísá, ó gbé abọ́ sínú àpò ẹ̀yìn, ó mú ajá lọ́wọ́. Ó gbé abọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tẹ aago, ó sì sá. Ajá kò sá. Ó jókòó ti abọ́, ó ń dúró de ìpín tirẹ̀, nígbà tí Marlys sì ṣílẹ̀kùn, Todd wà lẹ́yìn igi, ó ń súfèé pe ajá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Corinne Overby dé, ìyàwó Ààrẹ, ó gbé abọ́ aláwọ̀ búlúù tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi Marlys bí Russ ṣe ń ṣe sí, ó wo àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Milton kì í ṣèèyàn burúkú, Marlys. Wọ́n kàn máa ń dìde fún un ni.”

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rò pé òun nìkan ló ń ṣe é. Inú wọn ń dùn sí ara wọn, inú sì ń bí wọn sí àwọn tó kù. Janelle pàdé mi níbi ìdalẹ̀nù, ó mi orí, ó ní àwọn èèyàn ibí yìí kò láàánú. Mo ní ṣé ó rí i bẹ́ẹ̀. Marlys kò tú àṣírí ẹnì kankan fún ẹlòmíì. Ó jẹ èyí tó lè jẹ, ó gbé díẹ̀ lọ fún Russ, ó kó ìyókù sínú ẹ̀rọ amómidì títí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fi pa dé mọ́.

Ìgbìmọ̀ dé fún àyẹ̀wò. Overby wo ẹnu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá wọn afẹ́fẹ́. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni, Marlys kì í sì jẹ́ kí èèyàn wọ ilé òun kó má jẹun, ó bu oúnjẹ sínú àwo fún un. Overby jẹ ẹ́. Ó tún bù sí i. Nígbà tó nu ẹnu tán, ó ní, “Kò burú, Ìyáàfin Tveit, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ kejì, ẹ ò mọ iyọ̀ lò. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi kọ́ yín lọ́jọ́ kan.” Todd, tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló gbé oúnjẹ yẹn wá, ṣùgbọ́n tí kò dá a lójú ibi tí abọ́ tòun wà, kò jẹ nǹkan kan. Ó ní eyín ń dun òun.

Nígbà tí ìpàdé ọdọọdún dé, ilé ìtọ́jú ti sọ fún Marlys pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni òpin. Bí kò bá sí ọ̀nà pákó, ọkọ̀ yóò gbé Russ lọ sí ilé àwọn arúgbó. Overby mọ̀. Ó ti múra ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nígbà tí wọ́n bá tún un yàn, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà pákó sí ìparí gan-an, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ lórí àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n dìde, ó wọlé, ó jókòó, ó ní kí àwọn èèyàn òun jókòó. Kò tíì la ẹnu tán tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Marlys ni, ó ń ti ọmọlanke tí Russ fi ń kó ẹ̀rọ ìpẹja. Abọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó tì í dé ìdí tábìlì tó wà níwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sílẹ̀, ní ìdojúdé, bí wọ́n ti ṣe ń to abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

“Mo fẹ́ ta ilé,” ó wí. “Màá lọ wá yàrá nítòsí ibi tí wọ́n ń gbé Russ lọ. Mi ò lè kó abọ́ yín lọ. Mo dúpẹ́ gan-an ni. Kí oníkálukú wá mú tirẹ̀.”

Àwọn kan ti bi mí bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ náà. Èmi ò gbà pé ó mọ̀. Obìnrin tó máa ń fọ abọ́ alábọ́ kó tó sunkún tirẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ, ilé rẹ̀ fẹ́ lọ, ó sì ń dá nǹkan onínǹkan padà.

Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹni tó bá mú abọ́ ti jẹ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo tábìlì, oníkálukú ti rí abọ́ tirẹ̀, ó wá ń yani lẹ́nu pé abọ́ pọ̀ tó báyìí. Overby nìkan ni kò yé. Ó dìde, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rí i fúnra yín. Ẹgbẹ́ kejì ti gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ dé. Ó fẹ́ fi abọ́ ra ìbò yín. Akọ̀wé, ka ohun tó wà nídìí wọn sókè, kí gbogbo ayé mọ ibi tí wọ́n ti kó o wá.”

Todd sún mọ́ tábìlì bí ẹni tí wọ́n ń fà. Ó tẹ̀ ba, ó kà á. “Janelle Pruitt.” Ó ka èkejì, orúkọ ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn Janelle ni. Ó ka òmíràn, òmíràn, orúkọ ń jáde láti ìlà kan sí ìkejì. Nígbà tó kan ọ̀kan báyìí, ó ní èyí ti parẹ́. Overby gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú. “Kò parẹ́,” ó ní. “Brisbin ni wọ́n kọ síbẹ̀.” Ó wo Todd. Todd ń wo bàtà ara rẹ̀. Overby wá yíjú sí tábìlì, abọ́ búlúù kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, òun náà sì ti ń rí abọ́ yẹn lórí tábìlì rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

“Corinne?” ó wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Èmi ni, Milton,” Corinne dá a lóhùn láti ìlà iwájú. “Ìwọ gan-an jẹ nínú ẹ̀. Bí o ṣe ròyìn ẹ̀ délé ni mo ti mọ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lo bu oúnjẹ mi, o ní Marlys ò mọ iyọ̀ lò.”

Bàbá arúgbó kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba gbọ̀ngàn kan. Ẹ̀rín tí wọ́n ti gbé mì láti ọdún àìmọye ló ń jáde yẹn, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Overby na ọwọ́ méjèèjì. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìdúróṣinṣin, ó sọ nípa ìtàn, ó sọ nípa ọ̀gá ọkọ̀ nínú ìjì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó wá lọgun pé, ó dáa, kí ẹni tó bá fẹ́ òun ní ààrẹ nawọ́ sókè.

Ojú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń lọ. Ẹni tó wò rí i pé wọ́n ń wo òun náà. Wọ́n wo iwájú, Todd ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, kò wá sẹ́ni tí wọn yóò tẹ̀ lé. Overby ní bóyá kò yé wọn, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sókè láti fi bó ṣe yẹ kó rí hàn wọ́n. Ọwọ́ náà dá wà lókè, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Janelle dìde, ó ní kí àwọn dìbò lórí ọ̀nà pákó. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òòlù ń dún níwájú ilé Marlys. Àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì ló kàn án, wọ́n lé káfíńtà sẹ́yìn, ọ̀nà náà sì wọ́ díẹ̀ sápá òsì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Russ gbà á wọlé, Marlys ń tì í láti ẹ̀yìn, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ǹ bá dákẹ́ níbí bí mo bá fẹ́ kí ẹ sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n Larkmere ni mò ń sọ. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹnì kan mọ́ tó rántí pé òun dìde fún Overby rí. Wọ́n hú gbogbo pátákó ìtẹ́wọ́gbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìṣọ̀kan. Wọ́n fi Todd ṣe ààrẹ, Todd sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé láti inú ni òun ti ń bá Overby jà láti ọjọ́ yìí. Nígbà tó wọlé ìpàdé àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde, àmọ́ ẹsẹ̀ àwọn kan ti gbé wọn sókè kí wọ́n tó rántí.

Ìpàdé yẹn ni Todd ti mú àbá kan wá. Ó ní Larkmere ti di ibi ìfẹ́ báyìí, kò sì yẹ kí ẹni tó fi ìyà jẹ obìnrin tó ń ṣètọ́jú aláìsàn tún bá wa pé jọ. Kí Milton Overby má wọ gbọ̀ngàn mọ́, kó má dé odò ìwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é síbi àpèjẹ. Ó sọ ọ́ dáadáa. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Overby jókòó lẹ́yìn pátápátá lórí àga oníke, Corinne jókòó tì í, kò wọ táì, ó ń wo ilẹ̀. Ó ti gbó lójijì.

Ojú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ lọ sókè, gbogbo ìlà, wìì.

“Ẹni tó lòdì?” Todd wí, ó ti ń pa ìwé rẹ̀ dé.

Marlys na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́, apá ọ̀tún Russ wà lórí itan rẹ̀ níbi tí ìyàwó rẹ̀ gbé e sí. Ó gbé apá òsì. Ó rọra ń gòkè, ó kọjá èjìká, ó kọjá etí, ó dúró. Overby gbójú sókè, ó ń wo ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

“Ìyáàfin Tveit,” ni Todd wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “nítorí yín gan-an la ṣe ń ṣe èyí.”

“Mo mọ̀, Todd,” Marlys dá a lóhùn. “Ṣáà kà wá.”